Àwọn Tí Kì í Gbá Bọ́ọ̀lù, Síbẹ̀ Tí Eré Kò Lè Ṣe Láìsí Wọn

  

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín lónìí. Bí eré ìdíje bá parí ní pápá ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ ń fò sókè, tí ìlù ń dún, ta ni wọ́n máa ń gbé lé èjìká? Ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni, tàbí ẹni tí ó sáré borí. Kò burú. Ẹni tí ó bá ṣe ohun rere, ó yẹ kí á yìn ín. Ṣùgbọ́n ta ni ó jí ní kùtùkùtù tí ó fi okùn wọn pápá, tí ó sì da ẹfun sí ojú ìlà? Ta ni ó kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, tí ó kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé kejì, tí ó wá ọkọ̀, tí ó tọ́jú omi mímu? Bí ẹ bá bi àwọn èrò ìwòran léèrè, ẹ óò rí i pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kò mọ orúkọ rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ìhà Kàbà yìí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti fi mí ṣe ẹni tí ń bójú tó eré ìdárayá, mo sì ti rí i dájú pé eré kì í kú nítorí àìsí ẹlẹ́sẹ̀ líle. Àìsí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn ni ó ń pa á. Mo lè fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Eré mìíràn ni mo fẹ́ mú, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fojú rí, nítorí pé ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Orúkọ eré náà ni softball.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE ERÉ NÁÀ

Àbúrò ni softball jẹ́ fún baseball, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn bí àwa ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ènìyàn 9 ni ó ń ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi béèsì sí igun mẹ́rin ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni ó sì wà láàrin ọ̀kan àti èkejì. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kìíní á ju bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ ìbàdí, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a. Bí ó bá gbá a dáadáa, á ki eré mọ́lẹ̀ láti béèsì dé béèsì. Bí ó bá yí gbogbo rẹ̀ ká, tí ó padà dé ibi tí ó ti gbéra láìjẹ́ pé wọ́n pa á lójú ọ̀nà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ àmì kan. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ti kú nínú ẹgbẹ́ tí ń gbá, ẹgbẹ́ kejì ni yóò gba igi. Ìpele 7 ni wọ́n ń ṣe kí eré tó parí.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ o. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni bọ́ọ̀lù tí ó rọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò lóde òní kò rọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá bà lórí kò ní béèrè bí ó ti rí mọ́.

ẸNI TÍ Ó FA ÌLÀ ÀTI ẸNI TÍ Ó SỌ ERÉ LÓRÚKỌ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1887, ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan péjọ sí ilé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi Farragut ní ìlú Chicago. Wọ́n ń retí ìròyìn bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ Yunifásítì Yale àti ti Harvard ń gbá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Yale ni ó borí, inú ọ̀kan nínú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́ kan lu ẹni tí ó wà lẹ́yìn Harvard. Onítọ̀hún kò jẹ́ kí ó ba òun, igi ni ó fi gbá a padà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àwàdà ìbá tán síbẹ̀, bí kò bá sí ti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Hancock tí ó wà láàrin wọn. Ó fi okùn di ìbọ̀wọ́ náà títí ó fi rí bíi bọ́ọ̀lù, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbá a. Lẹ́yìn èyí ó jókòó, ó kọ òfin eré náà. Ní ọdún 1889 wọ́n ti tẹ òfin náà jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ẹni tí ó rántí orúkọ ẹni tí ó ju ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rántí orúkọ ẹni tí ó gbá a. Ẹni tí ó fa ìlà tí ó sì kọ òfin ni ó dá eré sílẹ̀.

Ní ọdún 1895, panápaná kan ní ìlú Minneapolis, Lewis Rober lórúkọ rẹ̀, rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ń jókòó lásán nígbà tí iná kò bá sẹ́. Ó wá ilẹ̀ tí ó ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ wọn, ó tò ó, ó wá bọ́ọ̀lù àti igi fún wọn, ó sì kọ́ wọn ní irú eré yìí ní gbangba ìta. Àwọn panápaná ilé iṣẹ́ mìíràn rí i, àwọn náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe ń tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní orúkọ kan pàtó. Àwọn kan ń pè é ní bọ́ọ̀lù ọmọ ológbò, àwọn kan ń pè é ní bọ́ọ̀lù elégédé. Ọmọ tí kò ní orúkọ, báwo ni a ó ti pè é wọlé? Ní ọdún 1926, ọ̀gbẹ́ni Walter Hakanson, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ YMCA ní ìlú Denver, dìde ní ìpàdé kan, ó sì dábàá pé kí wọ́n máa pè é ní softball. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí di òní.

ỌDÚN 1933: NÍGBÀ TÍ ÒFIN DI Ọ̀KAN

Ìṣòro kan ṣì kù. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù ìlú kan tóbi, ti ìlú kejì kéré. Ọ̀nà jíjìn níhìn-ín kì í ṣe ọ̀nà jíjìn lọ́hùn-ún. Bí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé, ìjà ni wọn yóò kọ́kọ́ jà lórí òfin kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi. Ẹ̀yin tí ẹ ta ayò rí mọ̀ bí ó ti rí nígbà tí àlejò bá dé láti ìlú kejì tí ó ní, “Kì í ṣe báyìí ni àwa ń ta á.”

Ní ọdún 1933, ìlú Chicago ń ṣe àfihàn ńlá láti fi ṣàjọyọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ìlọsíwájú wọn. Leo Fischer, tí ó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá sínú ìwé ìròyìn, àti ẹnì kejì rẹ̀, Michael Pauley, rò ó pé àkókò tó láti kó gbogbo àwọn tí ń ṣe eré yìí jọ. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ibi gbogbo. Wọ́n rin ìrìn àjò. Wọ́n bẹ àwọn kan, wọ́n bá àwọn kan jiyàn. Níkẹyìn, ẹgbẹ́ 55 ni ó pé, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, wọ́n sì gbà láti lo bọ́ọ̀lù kan náà, tí àyíká rẹ̀ jẹ́ ínṣì 14. Láti inú ìdíje yìí ni ẹgbẹ́ Amateur Softball Association ti jáde, Fischer ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ọdún 1934, ìgbìmọ̀ kan jókòó, wọ́n sì sọ òfin eré náà di ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: kí ni Fischer gbá? Kò gbá nǹkan kan. Kálàmù ni igi tirẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọmọdé tí ó gbá softball lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà, inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń jẹ.

ORÚKỌ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ

Ẹnì kan lè sọ pé, “Tíṣà, gbogbo èyí tí o ń sọ, ọ̀rọ̀ ìwé ni. Eré kì í ṣe ìwé.” Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó dájọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí mo ń kọ́ ní eré sísá. Ọmọ àgbẹ̀ ni, inú oko ni ó ti ń sáré kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ pápá. Kò sí ọmọ tí ó lè bá a sáré mítà 200 ní gbogbo àyíká wa. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje kan, mo fi ìwé náà ránṣẹ́ nígbà tí àkókò ṣì pọ̀, mo sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ta iṣu kí ó lè ra bàtà fún un. Nígbà tí a dé ibẹ̀, àwọn tí ó di ìwé mú sọ fún wa pé orúkọ rẹ̀ kò sí. Ẹni tí ó gba ìwé lọ́wọ́ mi ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì fi nǹkan kan lé ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fi ẹ̀dà tèmi hàn wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọmọ náà jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo àwọn tí kò tó o sá bí wọ́n ti ń gba ẹ̀bùn. Kò sunkún. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, “Sà, ṣé ẹsẹ̀ mi ni ó yẹ kí ó sáré ni, àbí orúkọ mi?”

N kò rí èsì fún un. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó ní òun kò sáré mọ́, ó kúkú ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó já ọmọ yìí kulẹ̀, kì í sì í ṣe àìní bàtà. Ìwé kan tí kò sí ẹni tí ó tọ́jú ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé akọ̀wé eré kì í ṣe ènìyàn kékeré.

ẸNI TÍ Ó DI ÌLẸ̀KÙN MÚ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí softball, kí ẹ lè rí ohun tí akọ̀wé kan tí kò rẹ̀ lè ṣe.

Ní ọdún 1965 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje softball obìnrin ti gbogbo àgbáyé, ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà. Orílẹ̀-èdè 5 péré ni ó wá: Ọsirélíà, Amẹ́ríkà, Jàpáàn, New Zealand àti Papua New Guinea. Àwọn ọmọbìnrin Ọsirélíà ni ó na Amẹ́ríkà ní àmì 1 sí òdo ní àṣekágbá. Ní ọdún kan náà, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Don Porter di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ softball àgbáyé. Ó wà ní ipò akọ̀wé títí di ọdún 1987, wọ́n sì wá fi ṣe ààrẹ, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2013. Ẹ ka ọdún náà: ọdún 48 ni.

Ohun tí ó fi sọ́kàn ni pé kí softball wọ inú eré Òlíḿpíìkì. Ẹ̀yin mọ̀ pé a kì í dédé wọ ilé ọba. Eré gbọ́dọ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ tí ó ní òfin, tí ó ní akọ̀wé, tí ó ní ìwé. Iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ ni, iṣẹ́ ìpàdé ni, iṣẹ́ ìrìn àjò ni. Ní ọdún 1991 ni àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì tó gbà. Ní ọdún 1996, nígbà tí Òlíḿpíìkì wáyé ní Atlanta, àwọn obìnrin gbá softball níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ìlú Columbus ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọdún 31 ti kọjá láti ìgbà tí Porter ti di kálàmù mú.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Àwọn ọmọbìnrin Amẹ́ríkà gba wúrà ní 1996, wọ́n gbà á ní 2000, wọ́n tún gbà á ní 2004. Ní 2004 yìí, àmì 51 ni wọ́n jẹ, àmì 1 péré ni ẹnikẹ́ni sì jẹ lára wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé eré tí ẹnì kan ṣoṣo ń jẹ kò dùn mọ́. Ní oṣù keje ọdún 2005, àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì péjọ ní Singapore, wọ́n dìbò lórí eré kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan softball, ènìyàn 52 ní kí ó dúró, ènìyàn 52 ní kí ó máa lọ, ẹnì kan kò sì dá sí i. Òfin ni pé ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ kí ó tó dúró. Báyìí ni softball ṣe bọ́ sóde, nítorí ìbò kan ṣoṣo!

Ní Beijing ní ọdún 2008, tí ó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn, ọmọbìnrin Jàpáàn kan tí ń jẹ́ Yukiko Ueno ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 413 láàrin ọjọ́ méjì, nínú eré mẹ́ta. Ó na Amẹ́ríkà ní àmì 3 sí 1, orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba wúrà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Kí ni ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù lè ṣe sí irú èyí? Kò sí. Bí apá Ueno ti le tó, kò lè fi já ìlẹ̀kùn ìgbìmọ̀. Àwọn oníwèé ni ó tún gbéra. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ ní 2009, golf àti rugby ni wọ́n mú. Ní 2013, softball àti baseball di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Síbẹ̀, ìjàkadì ni wọ́n mú ní ọdún náà. Wọn kò jókòó ti ẹkún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, wọ́n gbà pé kí softball padà wá ní Tokyo.

Àrùn kòrónà sún eré Tokyo sí ọdún 2021. Softball ni wọ́n fi ṣí eré náà, kódà kí ayẹyẹ ìṣíde tó wáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, Jàpáàn tún na Amẹ́ríkà, àmì 2 sí òdo. Ta ni ó sì ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn? Ueno yìí náà ni, ó ti pé ẹni ọdún 39. Ọdún 13 ni ó fi dúró. Apá tirẹ̀ ni ó gba wúrà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí àwọn tí ń kọ lẹ́tà ní gbogbo ọdún 13 náà, kì bá tí rí pápá tí yóò ti jù ú.

Wọn kò ṣe softball ní Paris ní 2024. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé yóò padà wá nínú Òlíḿpíìkì Los Angeles ti ọdún 2028, ìlú Oklahoma City ni wọ́n sì yàn fún un. Ẹ rí i pé iṣẹ́ náà kò tán. Bí a bá dẹwọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀, yóò fà sẹ́yìn.

ÀWA NÁÀ NÍ TIWA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ irú iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, òyìnbó oníṣòwò kan, Baron Mulford, kó àwọn ọ̀dọ́ Èkó jọ sídìí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, títí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Sir Adetokunbo Ademola, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, tí ó ṣe adájọ́ àgbà Nàìjíríà láti 1958 títí di 1972. Bí iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, ó gbà láti jókòó nínú ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé láti 1963. Ní 1967, ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n rán lọ wo bí àwọn òyìnbó South Africa ti ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú eré ìdárayá. Nígbà tí ó di 1970, wọ́n lé South Africa jáde nínú ẹgbẹ́ náà. Ademola kò sá eré kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n jíjókòó rẹ̀ kì í ṣe jíjókòó lásán.

Nínú softball gan-an, ọmọ Nàìjíríà kan, Ishaku Tikon, ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ baseball àti softball fún gbogbo Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n sì ń wá àwọn tí yóò lọ sí Tokyo, ní oṣù keje ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì láti Áfíríkà, Botswana àti South Africa, lọ bá àwọn ará Yúróòpù díje ní ìlú Utrecht ní Netherlands. Itálì ni ó borí. Síbẹ̀, a rí i pé ọmọ dúdú ń gbá a, ọmọ dúdú sì ń ṣètò rẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍHÌN-ÍN

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi mí pé, “Kí ni softball fẹ́ ṣe fún ọmọ Kàbà?” Èsì mi ni pé eré tí ọmọbìnrin lè fi yangàn kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí sì jẹ́ ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972 kò gbà kí ilé-ìwé tí ń gba owó ìjọba fi eré du ọmọbìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin ti ń pọ̀ sí i lórí pápá, tí eré sì ń sọ ọ̀pọ̀ di ọmọ yunifásítì. Fún ìbẹ̀rẹ̀, kò gba owó púpọ̀. Káfíńtà ìlú lè gbẹ́ igi. A lè fi àkísà àti okùn ṣe bọ́ọ̀lù, bí Hancock ti fi ìbọ̀wọ́ ṣe é. Àpò tí a rọ iyẹ̀pẹ̀ sí á ṣe béèsì.

Ṣùgbọ́n ì báà ṣe softball, ì báà ṣe eré sísá tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ohun márùn-ún ni mo fẹ́ kí á mójú tó.

Èkíní, kí ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé eré. Kí orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tí ó bá gba ọ̀kan sì fọwọ́ sí i.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá iṣẹ́ náà dì mọ́ àyà. Bí wọ́n bá gbé olùkọ́ kan lọ sí ìlú mìíràn, kò yẹ kí eré bá a lọ. Kí a kọ́ igbákejì ní iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìyá wa wọ inú ìgbìmọ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin òun rìnrìn àjò lọ ṣe eré bí kò bá sí àgbàlagbà obìnrin tí yóò tẹ̀ lé e. Kò burú bí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, owó eré kì í ṣe owó àpò. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìgba owó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tí ń gba owó lọ, nítorí pé orúkọ rere ni owó oṣù tirẹ̀. Kí ó máa ka ìṣirò owó síta fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí á dáàbò bo pápá. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí ilé ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé pápá ilé-ìwé jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ wá ìwé ilẹ̀ wọ̀nyí kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Bí pápá bá ti di ilé, kò sí lẹ́tà tí a lè kọ tí yóò sọ ọ́ di pápá mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn baba wa ní, “Yìnni yìnni, kí ẹni ó ṣe mìíràn.” Ẹni tí ń da ẹfun sójú ìlà, ẹni tí ń fọn fèrè nínú oòrùn, ìyá tí ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ eléré, akọ̀wé tí ń fi àtùpà kọ orúkọ lóru: wọn kò béèrè owó lọ́wọ́ wa. Ní ọjọ́ ìdíje tí ń bọ̀, kí a tó pín ife ẹ̀yẹ, ẹ jẹ́ kí á pe orúkọ wọn síta kí ọmọdé gbọ́. Ọ̀dọ́ tí kò lè sáré, tí kò lè fò, tí ó sì fẹ́ràn eré, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ wà fún òun. Kí ó mú ìwé àti kálàmù wá. Àwọn ọmọ wa ń dúró kí ẹnì kan kọ orúkọ wọn sílẹ̀.